Monstera mi ń pọ́n léwé, kò sì lu ihò: ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì, Tankẹ:
Ẹ kú ọyẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra Monstera kan, fúláwà inú ilé tí ewé ńlá ẹ̀ máa ń lu ihò fúnra ẹ̀, lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fúláwà lẹ́bàá títì, ewé mẹ́fà ló ní nígbà yẹn, ó ń dán yinrin, ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa bomi rin ín láràárọ̀ kí n má sì jẹ́ kí oòrùn rí i rárá, mo tẹ̀lé e bó ṣe wí. Kọ́nà pálọ̀ ni mo gbé e sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní báyìí ewé mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n, etí àwọn tó kù ń gbẹ bí ẹni fi iná rà á, ewé tuntun tó yọ lóṣù kọkànlá ò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, kò sì lu ihò kankan, bẹ́ẹ̀ ihò yẹn gan-an ni mo rí tí mo fi ra á. Ọkọ mi ní ọyẹ́ ni, àbúrò mi ní ilẹ̀ ẹ̀ ni ò dáa, màmá ọkọ mi ní kí n gbé igbó jáde nínú ilé kí ejò tó bá a wọlé. Mi ò fẹ́ kó kú, mo ti fẹ́ràn ẹ̀ jù. Kí ni kí n ṣe?

Tísà Àgíríìkì, Gáà-Akanbí:
Ẹ kú ọyẹ́ Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta ná. Ṣé ìdí nǹkan tẹ́ ẹ gbìn ín sí ní ihò? Láti ibi tó wà, ìṣísẹ̀ mélòó ni kéèyàn tó dé ojú fèrèsé? Tẹ́ ẹ bá wá ti ìka bọ ilẹ̀ ẹ̀ dé oríkèé kejì, ṣé ó gbẹ ni àbí ó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́? Tí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n pọ̀ tí ilẹ̀ sì tutù, omi àpọ̀jù ló sábà máa ń jẹ́. Òǹgbẹ náà máa ń mú ewé pọ́n o, àmọ́ ti òǹgbẹ, ilẹ̀ á ti gbẹ, ewé á máa ká jọ, ìkòkò á sì fúyẹ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sókè.

Ìyá Ìbejì, Tankẹ:
Ẹ ṣé sà. Rọ́bà pẹ́ńtì ni ẹni tó tà á gbìn ín sí, mo wá ki rọ́bà yẹn bọ inú ìkòkò funfun kan tó rẹwà tí mo rà ní ọjà Ìpàtà, èyí funfun yẹn ò ní ihò. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni dé fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà níbẹ̀, kọ́tìnnì náà wà níbẹ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ ni. Mo wá fà á yọ bí mo ṣe ń kọ eléyìí, omi dúdú tó ìdajì ife ló wà nísàlẹ̀ ìkòkò funfun yẹn, ó ń rùn bí omi ògì tí wọn ò pààrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn gbòǹgbò ìsàlẹ̀ ti di dúdú, bí mo ṣe fi ọwọ́ méjì mú ọ̀kan báyìí tí mo fà á, èèpo ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ pátá, ó ku okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín bí òwú ìránṣọ. Àwọn tó wà lókè ṣì funfun, wọ́n sì le. Ṣé ó ti tán náà nìyẹn?

Tísà Àgíríìkì, Gáà-Akanbí:
Kò tíì tán o. Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ṣì rí gbòǹgbò funfun tó le, ó ṣì wà láàyè. Ẹ ṣan gbogbo ilẹ̀ yẹn kúrò lára ẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ mú bíléèdì tuntun, ẹ fi sípírìtì nù ún, gbogbo gbòǹgbò tó bá ti rọ̀ ẹ gé e dànù títí dé ibi tó funfun, ẹ má ṣàánú ẹ̀ torí ìjẹrà yẹn á máa gun òkè ni tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tẹ́ ẹ gé gbẹ fún wákàtí méjì mẹ́ta níbi tí oòrùn ò sí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tó kéré, èyí tó fi bí ìka méjì péré fẹ̀ ju gbòǹgbò tó ṣẹ́ kù lọ. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nìyẹn, wọ́n á ní kó gbádùn, wọ́n á gbé e sínú bàbá ìkòkò, ilẹ̀ á pọ̀, gbòǹgbò tó máa mu omi inú ẹ̀ ò sí, omi á jókòó síbẹ̀.

Ilẹ̀ tí èmi ń pò rèé, kóńgò ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: kóńgò méjì ilẹ̀ dúdú tí mo ti jọ̀, kan èédú tí mo fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà, kan èèpo àgbọn tí mo fà ya tàbí èèpo ìrẹsì tó ti pẹ́ nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì, kan yanrìn odò tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú, ààbọ̀ ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ tó ti dà bí ilẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù ò wọ́n wa ní Ìlọrin, Gáà Fúlàní wà káàkiri. Ẹ má lo ìgbẹ́ adìẹ tútù, ó máa jó gbòǹgbò ni. Tẹ́ ẹ bá pò ó tán, ẹ da omi sí i, ó gbọ́dọ̀ jáde nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ogún. Tí kò bá jáde, ẹ fi èédú kún un.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé gbòǹgbò ń mí. Igbó tó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù Mẹ́síkò títí dé Panama ni igi yìí ti wá, kì í sì í dúró sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, igi ńlá ló ń gùn, á fi gbòǹgbò di èèpo igi mú, òjò á rọ̀, á ṣàn kọjá, afẹ́fẹ́ á tún wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ tí omi kún dí, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀ mọ́, bí gbòǹgbò ṣe ń kú nìyẹn. Ohun tó wá ń dààmú èèyàn ni pé igi tí gbòǹgbò ẹ̀ ti jẹrà ò lè mu omi mọ́, ewé ẹ̀ á máa rọ bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ, onílé á rí i, á tún bu omi sí i.

Ìyá Ìbejì, Tankẹ:
Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn sà. Mo rí i pé ó ń rọ, mo sọ omi di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó dùn mí gan o.

Ọmọ Oníkòkò, Òkèlele:
Salamu alaikum. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ló mú kí n dá sí i torí ìdí ìkòkò ni wọ́n bí mi sí, ní Dàda. Ìkòkò omi tí àwọn màmá wa ń mọ, ara ẹ̀ máa ń làágùn, òun ló ń jẹ́ kí omi inú ẹ̀ tutù láìlo fíríìjì. Ìlàágùn yìí kan náà ló dáa fún gbòǹgbò fúláwà, torí omi tó bá pọ̀ jù á máa gba ara amọ̀ jáde, ti rọ́bà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ìkòkò omi kì í ní ihò nídìí. Ẹ má kàn rà á lọ́jà kẹ́ ẹ wá gbé e fún ẹni tó ní dírílì, mẹ́ta ni mo ti fojú ara mi rí tó là sí méjì. Ẹ wá bá àwọn màmá níbi tí wọ́n ti ń mọ ọ́n, ẹ sọ pé fúláwà lẹ fẹ́ gbìn sí i. Nígbà tí amọ̀ náà bá ti le díẹ̀ àmọ́ tí kò tíì gbẹ, màmá mi máa ń dojú ìkòkò dé sórí itan, á mú igi tó tó ìka kékeré, á lu ihò mẹ́ta sídìí ẹ̀, á wá fi àkísà tútù dán etí ihò kọ̀ọ̀kan yípo kó má baà sán nínú iná. Ó parí. Ẹ kàn ní láti sọ fún wọn kí iná tó kàn án ni.

Ohun kan tún wà. Lásìkò ọyẹ́ yìí ìkòkò amọ̀ máa ń tètè gbẹ, ó lè jẹ́ ìlọ́po méjì ti rọ́bà, nítorí náà ẹni tó bá lò ó, kó máa fi ìka wò ó lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Tó bá di àsìkò òjò, ẹ máa dúpẹ́ pé amọ̀ lẹ rà.

Bọ̀dá Ọ̀fà:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló kù, òun náà ló sì fà á tí omi ò fi gbẹ. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ sí fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnnì, bóyá gíláàsì dúdú tún wà níbẹ̀, òkùnkùn ni igi yẹn wà, ojú àwa èèyàn kàn máa ń mọ́ra ni tá a fi rò pé ilé mọ́lẹ̀. Igi tí kò rí ìmọ́lẹ̀ ò ní dá oúnjẹ, tí kò bá dá oúnjẹ kò ní mu omi, ẹ̀yin sì ń bu omi sí i láràárọ̀. Bí mo ṣe ń wo ibi tó dáa rèé: ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, ẹ na ọwọ́ yín sókè ewé náà, tí òjìji ọwọ́ yín bá yọ tẹ́ ẹ sì lè ka ìka, ibẹ̀ dáa, tí ẹ ò bá rí òjìji rárá, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dáa jù, oòrùn àárọ̀ tutù. Ẹ gbé e sí bí ìṣísẹ̀ kan sí méjì sí i, ẹ ṣí kọ́tìnnì lójúmọmọ.

Àdìó, Sángo:
Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo eléyìí pọ̀ jù. Igi ni. Ẹ gbé e síta kí oòrùn Ọlọ́run là á mọ́lẹ̀, ewéko tó wà nínú igbó ta ló ń ṣí kọ́tìnnì fún un?

Bọ̀dá Ọ̀fà:
Ẹ̀gbọ́n Àdìó, ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ti ṣe é rí. Lóṣù kẹta lọ́dún 2023 mo gbé tèmi síta tààrà láti inú yàrá, ooru wa nígbà yẹn ń kọjá 35°C lọ́sàn-án, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ojú ewé mẹ́rin ti ṣí funfun bí ibi tí omi gbígbóná dà sí, ó wá gbẹ di bíráwùn, kò sì padà mọ́. Nínú igbó tí ẹ̀ ń sọ yẹn, abẹ́ igi ńlá ló ń gbé, ẹlòmíì ló ń bá a gba oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e síta, kó wà lábẹ́ bàràǹdà, kó sì jẹ́ díẹ̀ díẹ̀, wákàtí kan lónìí, méjì lọ́tùn-únla.

Àdìó, Sángo:
Mo gbọ́. Ti bàràǹdà yẹn bọ́ sí i.

Màmá Fárída, Adéwọlé:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọyẹ́, torí etí ewé tó ń gbẹ yẹn, omi nìkan kọ́ o. Ọyẹ́ ń gba omi lára ewé bó ṣe ń gbà á lètè wa. Ẹ má gbé e sí ibi tí fáànù ń fẹ́ sí tààrà tàbí abẹ́ ẹ́síì. Èmi máa ń kó àwọn fúláwà mi jọ sójú kan lásìkò yìí, márùn-ún tó bá fara kanra á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àárín wọn tutù díẹ̀. Ẹ wá wo ojú ewé náà, eruku ọyẹ́ ti bò ó, ẹ fi ìka kọ orúkọ yín sí i ẹ máa rí i. Eruku yẹn ń dí ìmọ́lẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mo máa ń mú aṣọ rírọ̀ méjì, mo rẹ wọ́n sínú omi lásán, mo fi ọwọ́ òsì gbé ewé nísàlẹ̀ bí ẹni gbé ọwọ́ ọmọ, mo wá fi ọ̀tún nù ún láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, ojú àti ẹ̀yìn. Ẹ má fi òróró tàbí àdí pa á kó lè máa dán o, ó máa ń dí ihò tí ewé fi ń mí, eruku á tún wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Nínúnù yẹn náà ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ tètè rí kòkòrò. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, àwọn kòkòrò tíntìntín kan máa ń wá sẹ́yìn ewé, ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí wọn, wọ́n á ta okùn wínníwínní bí aláǹtakùn, ewé á ní àmì tótòtó. Òmíì wà tó funfun bí òwú, ó máa ń fara pamọ́ sí ìkòríta ewé àti igi. Fún méjèèjì, èmi máa ń fi omi líle ṣan ewé nínú báfù, mo wá po síbí ọṣẹ olómi kékeré kan mọ́ lítà omi kan, mo fín in sí i lírọ̀lẹ́, mo tún un ṣe lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn míì ń lo ewé dóńgóyárò tí wọ́n gún tí wọ́n rẹ mọ́jú tí wọ́n sẹ́, ó ràn mí lọ́wọ́ náà, àmọ́ ti ọṣẹ yá jù.

Ìyá Ìbejì, Tankẹ:
Ẹ ṣé màmá. Omi tí mo ń fín sí i lára láràárọ̀ ńkọ́, ṣé kí n máa fín in lọ?

Tísà Àgíríìkì, Gáà-Akanbí:
Kò ṣe é ní ibi, kò sì ṣe é lóore púpọ̀. Nínú ọyẹ́ yìí omi yẹn á ti gbẹ kẹ́ ẹ tó jẹun àárọ̀ tán, afẹ́fẹ́ á sì padà gbẹ bó ṣe wà. Ká kó wọn jọ bí Màmá Fárída ṣe wí ló sàn. Tẹ́ ẹ bá ní àwo fífẹ̀, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ bu omi sí i kó má bo òkúta, ẹ gbé ìkòkò lé òkúta, kí ìdí ẹ̀ má kan omi.

Nọ́ọ̀sì, Fátẹ̀:
Níbi tẹ́ ẹ ti dárúkọ omi inú àwo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọn o. Ẹ̀fọn ò nílò ju omi díẹ̀ tó dúró sójú kan lọ, láti ẹyin títí tó fi máa fò lè máà ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí ooru bá mú. Ẹ máa da omi àwo àti sọ́sà nù lọ́jọ́ méjì méjì, kẹ́ ẹ fi kànìnkànìn fọ ara ẹ̀ torí ẹyin máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ní ọmọ méjì nílé.

Àwọn kan tún máa ń bi mí bóyá fúláwà ń bá èèyàn du afẹ́fẹ́ lóru. Òótọ́ ni pé ewé máa ń mí lóru bí tiwa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń fà ò tó nǹkan rárá, ẹni tẹ́ ẹ jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ń fà jù ú lọ fíìfíì. Àwọn tó sì ń ta á pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti dán ìyẹn wò lọ́dún 1989. Àwọn tó ṣe àtúnyẹ̀wò ẹ̀ lọ́dún 2019 ṣírò ẹ̀ pé kó tó lè ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé ṣíṣí ń ṣe, igi mẹ́wàá ó kéré tán ló máa wà lórí mítà kan níbùú lóòró. Ẹ ṣí fèrèsé yín, kẹ́ ẹ gbin fúláwà torí ó wù yín.

Màmá Àgbà, Òmù-Àrán:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àjọṣe. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ, kókò ni igi yìí, ọmọ ìyá kókò ni. Ẹ wo bí ewé tuntun ẹ̀ ṣe ń ká bọ̀ láti inú igi ewé tó ṣáájú, ẹ wo omi tó ń ṣẹ́ sí ṣóńṣó ewé láàárọ̀, bí kókò ṣe ń ṣe lóko nìyẹn. Bí kókò tútù ṣe ń yún èèyàn lọ́nà ọ̀fun náà ni òun náà ń ṣe. Ọmọ kékeré kan ní àdúgbò wa gé ewé irú ẹ̀ jẹ, èyí tó ní àmì funfun láàárín tí wọ́n ń gbé sí ẹnu ọ̀nà, ètè ẹ̀ wú, itọ́ ń dà, kò lè sọ̀rọ̀ títí dọjọ́ kejì. Wọ́n fi omi tútù ṣan ẹnu ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù, Ọlọ́run bá wa ṣe é. Ẹ gbé e sókè kọjá ibi tọ́wọ́ àwọn ìbejì lè dé. Tẹ́ ẹ bá gé e, ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fi kan ojú.

Ti ejò tí ìyá ọkọ rẹ sọ, má bá a jiyàn, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ni ejò ń wá kiri, kì í ṣe ewé. Jẹ́ kí ìdí ìkòkò mọ́, gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbá abẹ́ ẹ̀, kó rí i pé o ń gbá a, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Ní ti kọ́nà tẹlifíṣọ̀n tó ṣókùnkùn yẹn, wá èyí tí wọ́n ń pè ní snake plant síbẹ̀, ìbátan ọjá ìkookò ilé wa ni, ilẹ̀ adúláwọ̀ níbí ló ti ṣẹ̀, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ó fara da òkùnkùn, ó fara da òǹgbẹ, o lè gbàgbé ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì, Fátẹ̀:
Màmá, ẹ ṣé gan. Ohun tó wà nínú ewé náà, abẹ́rẹ́ wínníwínní ni, calcium oxalate ni wọ́n ń pè é, òun ló ń gún ẹnu. Tí ẹnu bá wú tàbí tí mímí le, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má fún ọmọ ní nǹkan tó máa mú un bì.

Ìyá Ìbejì, Tankẹ:
Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti gé e, gbòǹgbò márùn-ún ló kù. Ọmọ Oníkòkò ti bá mi gba ìkòkò kan ní Dàda. Ó ku ọ̀rọ̀ ihò o, ẹ ẹ̀ dáhùn ẹ̀.

Bọ̀dá Ọ̀fà:
Nǹkan méjì ló ń mú ihò wá, ọjọ́ orí àti ìmọ́lẹ̀. Ewé ọmọdé kì í lu ihò. Tí igi tó ti dàgbà bá tún padà ń yọ ewé kékeré tí kò ní ihò, ìmọ́lẹ̀ ni ò tó tàbí àìsàn ni, ewé tó ti yọ tẹ́lẹ̀ náà ò ní padà lu ihò mọ́, ti iwájú ni kẹ́ ẹ máa retí. Ohun tó tún ń ràn án lọ́wọ́ ni kó rí nǹkan gùn. Wọ́n ń ta ọ̀pá tí igi yìí lè gùn ní ọjà fúláwà, ó wọ́n. Èmi gé ọparun tó ga tó ìgbáyà mi, mo ra kànìnkànìn ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, mo tú u, mo wé e mọ́ ọparun nípọn bí ọwọ́ ọmọ, mo fi okùn dì í. Mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn igi náà, mo fi àjákù aṣọ so igi mọ́ ọn láìfún un. Mo ń bu omi sí kànìnkànìn yẹn, kó tó pé oṣù méjì, àwọn gbòǹgbò tó ń so lófuurufú ti wọnú ẹ̀, mi ò lè fà wọ́n yọ mọ́.

Ẹ má tíì fún un ní fatiláìsà o. Ẹ jẹ́ kó yọ ewé tuntun kan ná. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá jẹ́ NPK 15-15-15 oníhóró tí wọ́n ń lò lóko lẹ ní, ìlàjì síbí tíì kan nínú lítà omi mẹ́rin, ẹ yọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti Épírì sí Ọ́kítóbà nìkan. Tí nǹkan funfun bí iyọ̀ bá ń hù lójú ilẹ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ da omi òjò púpọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá.

Ìyá Ìbejì, Tankẹ (oṣù karùn-ún):
Ẹ kú òjò o. Mo ní kí n wá jábọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méje ni kò fi ṣe nǹkan kan, ewé méjì ló kù lára ẹ̀, mo ti ń sunkún sínú, ṣùgbọ́n mi ò bu omi sí i àfi tí ìka mi bá bọ́ sí ilẹ̀ gbígbẹ, ìyẹn ń tó ọjọ́ mẹ́jọ nígbà míì. Ó wà lójú fèrèsé yàrá wa tó kọjú sí ìlà oòrùn, lórí tábìlì, ọwọ́ àwọn ìbejì ò dé ibẹ̀. Níparí oṣù kẹta mo rí nǹkan ṣóńṣó kan tó ń ti igi ewé òkè jáde, ó ká bí ẹní. Ewé yẹn là, kò ní ihò, àmọ́ ó tó àwo ìjẹun. Èkejì là ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí, àwọ̀ ẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun, ó rọ̀ bí etí ọmọ, ó sì ya ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ́nà mẹ́ta, ihò kan wà lẹ́bàá egungun àárín. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i, ó pè mí láti ilé ìdáná. Ìyá ọkọ mi wá lánàá, wọ́n fi ọwọ́ ra á, wọ́n ní ó jọ kókò tí bàbá wọn gbìn.

Màmá Àgbà Òmù-Àrán, tó bá ti ga díẹ̀ sí i màá gé kan fún yín pẹ̀lú oríkèé méjì bí ẹni gé igi ẹ̀gẹ́, màá fi ìwé ìròyìn tútù wé e, màá fún onímọ́tò tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ sọ ọjọ́ tó rọrùn fún yín.

Màmá Àgbà, Òmù-Àrán:
Ọjọ́ kọ́jọ́ ni ọmọ mi, àfi ọjọ́ Sátidé. Mo ti ní kí wọ́n bá mi lu ihò sídìí ìkòkò kan sílẹ̀.